Ìdáhùn Tó Ṣáájú Ìpè

Bí ẹ bá pe ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ múra láti tún un pè. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi fara da ìwà yìí. Mo lè wà ní ilé ìdáná, kí epo máa gbóná lórí sítóòfù, kí n ké sí i pé, "Bàbá Adùnọlá, ẹ bá mi mú iyọ̀ wá," kò ní fọhùn. Mo máa pè é lẹ́ẹ̀kejì, á gbójú sókè bí ẹni tó gbọ́ ìró eku ní àjà. Ìgbà tí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kẹta ló máa tó wí pé, "Hẹ̀n?" Epo á ti jó nígbà náà. Tíṣà ni mí. Ọmọ tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì tí kò dáhùn, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Ọkọ ẹni ni kò ṣeé nà.

Kì í ṣe adití, kì í sì í ṣe alágídí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Ìgbòho, nígbà tó wà ní kékeré tí wọ́n jọ ń lọ sóko. Ìyá náà kìlọ̀ fún un pé bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó pa ẹnu dé. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kó wò yíká. Ìgbà tó bá fojú kan ẹni tó ń pè é ni kó tó jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òkú lè pe ènìyàn," ni Ìyá máa ń sọ. "Kò lágbára ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹni tí kò bá dá a lóhùn ti bọ́ nìyẹn." Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni gbogbo wa, Ìyá pàápàá kì í pa ìsìn jẹ, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìpè yìí, kò sí pásítọ̀ tó lè yí i lọ́kàn padà.

Ọdún tí mo bí Adùnọlá, ọmọ wa kan ṣoṣo, ni Ìyá kú. Àlàó ló máa ń pe ọkọ mi, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Adùnọlá lèmi ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Arákùnrin Akínbíyìí ni. Níbi iṣẹ́, dírẹ́bà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ìyá, n kò gbọ́ Àlàó lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Olúyọ̀lé ló ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́rì ńlá ló ń wà, ó ń kó ọjà lọ sí Ìlọrin, ó ń kó o lọ sí Èkó. Ẹ̀yìn gáréèjì Challenge là ń gbé, a máa ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń pe èrò láti ìdájí. Lọ́dún 1987, ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lọ́rì pa ènìyàn lójú títì. Wọ́n ní kò tètè tẹ bíréèkì. Ilé-iṣẹ́ wá gba máníjà tuntun kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọkọ mi ròyìn ẹ̀rọ náà fún mi nígbà tó dé. "Ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé bíi ti taìpù wà níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ á ṣú dúdú. Wàá jókòó, wàá máa wò ó, ìka rẹ á wà lórí bọ́tìnnì. Nígbà tó bá wù ú, nǹkan funfun kan bíi hóró ṣúgà á yọ láàárín òkùnkùn yẹn, ìwọ náà á sì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ síbẹ̀ bí o ṣe pẹ́ tó kó o tó tẹ̀ ẹ́."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Máníjà ní bí ìka wa bá ṣe yá tó níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ṣe máa yá tó lórí bíréèkì."

"Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ṣe sí?"

Ó bojú wolẹ̀. "Èmi ni mo gbẹ̀yìn."

Kì í ṣe pé ó gbẹ̀yìn nìkan. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ gan-an fi ìlọ́po méjì yá jù ú lọ. Máníjà fún àwọn tí kò yege láyè títí di òpin oṣù. Ẹni tí kò bá tún yege nígbà náà, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi í ṣọ́ géètì. Ọkùnrin tó ti ń wa lọ́rì látìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá máníjà yẹn, kí n bi í bóyá hóró ṣúgà máa ń sọdá títì nílùú òyìnbó.

"Àtọ́kẹ́," ni ọkọ mi wí, "mo máa ń rí i o. Bí ó bá ti yọ báyìí, mo ti rí i. Ìka mi ni kì í lọ. Ó ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbà kí àwọn tí kò yege máa dánra wò lórí ẹ̀rọ náà ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ọkọ mi kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Ó tún ní kí n máa pe òun nínú ilé, nígbàkigbà, láìsọ tẹ́lẹ̀, òun á sì máa dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kí ni ìpè kan bọ́tìnnì. Ó ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi tí Ìyá ti dì í ni kí n ti tú u."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Mo pè é láti ilé ìdáná, mo pè é láti balùwẹ̀, mo pè é nígbà tó gbé ṣíbí sẹ́nu. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Mo ń rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò kí ohùn tó jáde. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ ìjà dúró. Bí mo bá pè é báyìí, "Hẹ̀n?" á ti dé. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Obìnrin wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn tó bá pe ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì dáhùn? Epo mi kò jó mọ́.

Nígbà tí oṣù parí, òun ló ṣe ipò kìíní. Máníjà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo dírẹ́bà. Mo gún iyán, mo fi adìyẹ odidi se ọbẹ̀, a sì jẹun títí a fi ń mí hẹlẹ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mo wà ní ilé ìdáná, tí mo fẹ́ kó wá bá mi ṣí agolo mílíìkì. Mo kàn fa èémí sínú ni. "Hẹ̀n?" ló wí láti pálọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tọkọtaya tó bá ti bára pẹ́, wọ́n á máa gbọ́ inú ara wọn.

Ní ọjọ́ mìíràn, a jọ jókòó, ó dìde fùú, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn. Zùwáírátù, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa, ló wà níta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn ni, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lókè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi ni?" Zùwáírátù bi í.

Zùwáírátù kì í wọ bàtà nínú ọgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ró. Ọkọ mi kàn ní, "Ẹ wọlé," ó sì lọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ló wá dé láti Ìlọrin lọ́jọ́ kan tí kò lè jẹun. Ó ní òun tẹ bíréèkì lójú títì tó mọ́ gaara, tí ẹyẹ pàápàá kò sí níwájú òun. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn fun fèrè, wọ́n bú u, wọ́n yà á sílẹ̀ lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó di sítíárì mú, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tóun fi dúró. Ènìyàn ti lè mu ife omi kan tán kí màlúù kan tó jáde láti inú igbó, tó rọra sọdá níwájú lọ́rì rẹ̀.

"Ọlọ́run ló gbà yín," mo wí.

"Àtọ́kẹ́, n kò rí màlúù. Ẹsẹ̀ mi ló dá a lóhùn."

Àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn rẹ̀ àti ìpè mi wá ń fẹ̀ sí i. "Hẹ̀n?" rẹ̀ ń dé nígbà tí mo ṣì ń rò ó bóyá kí n pè é. Lẹ́yìn náà, ó ń dé nígbà tí n kò tíì ní ohunkóhun láti bá a sọ. Á máa di okùn bàtà láàárọ̀, á gbórí sókè, á ní, "Hẹ̀n?" Mo máa ní n kò pè yín. Mo máa dé géètì, mo máa rántí pé n kò mú agbòjò, mo máa ké sí i, orúkọ rẹ̀ á ti jáde tán lẹ́nu mi kí n tó rántí pé ó ti dáhùn. Òun á sì ti wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú agbòjò lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú kó tó bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí mo ṣe gbọ́ "Hẹ̀n?" rẹ̀, mo pinnu lọ́kàn mi pé n kò ní pè é lọ́jọ́ náà rárá. Mo fẹ́ kí ìdáhùn náà di irọ́. Mo pa ẹnu mọ́ láti òwúrọ̀. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, mo máa rìn lọ bá a. Lọ́sàn-án, mo ń yọ ẹja nínú epo, epo ta sí mi lójú, "Bàbá Adùnọlá!" ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo yíjú, mo rí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti gbé ife omi tútù dání. Ó dà bíi pé ó ti pẹ́ tó ti dúró síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo wọ takisí lọ sí Olúyọ̀lé. Máníjà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní inú òun kò dùn sí ọkọ mi mọ́. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ báyìí, ńṣe ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ pé ó ti yá jù, pé nǹkan funfun kò tíì yọ tó fi tẹ bọ́tìnnì.

"Ó ń mẹ́fò ni, Màdáámù. Kò dúró kó rí i."

"Ṣé ó ṣeé mẹ́fò?"

"Kò yẹ kó ṣeé mẹ́fò. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń mú ìgbà tó máa yọ. Ó lè yọ kíákíá, ó lè pẹ́. Èmi tí mo ṣètò rẹ̀ gan-an, n kò lè sọ ọ́."

"Báwo wá ni òun ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Máníjà dìde. Ó ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Ó tẹ ẹ̀rọ náà títí, ó ní òun ti yọ ìkìlọ̀ yẹn kúrò, pé kò ní máa kọ̀ ọ́ mọ́, ohun tó bá rí ni yóò kọ. Ọkọ mi jókòó. Iyàrá náà tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Ìka ọkọ mi tẹ bọ́tìnnì. A dúró. Nǹkan funfun náà yọ. Nọ́ńbà hàn lábẹ́ rẹ̀, ìlà kékeré kan sì wà níwájú nọ́ńbà náà, irú èyí tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò àyọkúrò.

Ó tún un ṣe. Èyí pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ká a sórí ẹsẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo òkùnkùn náà. Ó pẹ́ débi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí pé kò ní yọ, mo ń gbàdúrà pé kó má yọ, kó jẹ́ pé òmùgọ̀ lásán ni gbogbo wa. Ó yọ.

Máníjà na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó pa á. Òun tó ti ń pe ọkọ mi ní "ó" láti ìgbà tí mo dé, ó wá ní, "Màdáámù, ẹ máa mú Bàbá lọ sílé. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sinmi. Owó oṣù wọn ò ní dúró."

"Sà," ni ọkọ mi wí, "kí ni mò ń dá lóhùn?"

Máníjà ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó ti kú. "Ta ló kọ́ wọn báyìí?" ó bi mí, bí ẹni pé ọkọ mi kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," mo wí. Mo fa ọkọ mi lọ́wọ́, a jáde.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti so ohun tí ó tú padà. Mo ní kó máa dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gbìyànjú, ẹ má rò pé kò gbìyànjú. Ó fi áńkáṣífù di ẹnu, "Hẹ̀n?" ń gba ọ̀fun jáde. Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún wa. Kí wọ́n tó ṣe àdúrà náà tán, ọkọ mi ti ṣe "Àmín," ó dìde, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Pásítọ̀ rò pé wọ́n ń lé òun ni.

Ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì jẹun, ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo ń wo iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó gbórí sókè, ó fi ohùn kan tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn ọmọ tí wọ́n pè nígbà tó ń ṣeré lọ́wọ́.

"Mò ń bọ̀, Ìyá."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ta lẹ dá lóhùn?"

Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ìyá ni."

"Wọ́n pè yín ni?"

"Rárá," ó wí. "Wọn ò tíì pè."

Mo mọ ohun tí òun náà mọ̀. Látìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó dá lóhùn tí kò dé lẹ́yìn náà. Ìyá ti ní ẹni tí kò bá dá òkú lóhùn ti bọ́. Ọkọ mi ti dáhùn. Ìpè ló kù.

Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ra rédíò tí ohùn rẹ̀ lè fọ́ ènìyàn létí. Mo so ó mọ́ iná, mo ń jẹ́ kó pariwo láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ sùn. Mo ní ìpè tí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́, kì í ṣe ìpè. Zùwáírátù wá bẹ̀ wá nítorí ariwo náà, mo fi ojú lé e padà. Ọkọ mi kàn ń wò mí.

"Àtọ́kẹ́," ó wí, "èmi ti dáhùn ná, kì í ṣe èmi ló kù kó gbọ́ ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Mo máa ń dá dúró sí ilé ìdáná, mo máa ń bẹ Ìyá. Mo ní ẹ jẹ́ kó pẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́ dáadáa, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ kó máa lọ́ra, kí ẹ̀yin náà lọ́ra díẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, kí n sọ ọ́ gbangba. Ìwà rẹ̀ àtijọ́ tí mo ń bínú sí, mo fẹ́ ẹ padà ju ohunkóhun lọ.

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, mo bá a lórí àga rẹ̀, rédíò ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ síbi Oúnjẹ Olúwa, ó sì ti wọ bàtà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"N kò mọ̀," ó wí. "Ẹsẹ̀ mi kàn wọ̀ ọ́ ni."

Mo ní kó bọ́ bàtà náà. Ó ní òun á bọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ní ebi ń pa òun. Mo wọ ilé ìdáná, mo gbé omi kaná kí n fi ro ẹ̀bà fún un.

Iná lọ. Rédíò dákẹ́ lójijì. Ó jọ pé gáréèjì pàápàá dákẹ́, n kò gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń pe èrò. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹ̀yìnkùlé. Ohùn náà kò le, kò sì dẹ́rù bani. Bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun ni.

"Àlàó."

Mo wo ojú fèrèsé. Aṣọ Zùwáírátù nìkan ló wà lórí okùn. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ó bá tún pè, a jẹ́ pé alààyè ni, a jẹ́ pé ará Ìgbòho kan ló wá a wá, mo máa wá àga fún un, mo máa fún un ní omi mu. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó tún pè é. Omi hó lórí sítóòfù, ó ń dà sílẹ̀, n kò lè yẹsẹ̀.

Kò pè é mọ́.

Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, mo fẹ́ pe ọkọ mi. Ó ti mọ́ mi lára láti rántí bóyá mo ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí n tó pè é. Mo ro gbogbo ọjọ́ náà padà. Mo ro òwúrọ̀ kí n tó jáde, mo ro ìgbà tí mo dé tí a jọ sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ "Hẹ̀n?" kankan lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ti mọ̀ kí n tó la ẹnu pé kò ní dáhùn mọ́. Mo pè é síbẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, bí mo ṣe máa ń pè é nígbà tí epo mi ṣì ń jó.